Ọjọ́ mọ́kànlélógún ní Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú Màmá

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Kẹsàn-án 2022

Ilẹ̀ ti ṣú kí á tó dé ilé ọmọ Màmá ní Baka, ní gúúsù Jerúsálẹ́mù. Màmá kò fojú kan oorun nínú bàálù. Júù ni wọ́n, ẹni ọdún 88. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń tọ́jú wọn ní Golders Green ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí orúnkún bá ń dùn wọ́n àti ìgbà tí ọkàn wọn bá lọ sọ́nà jíjìn. Tòní, ọkàn ló lọ. Wọ́n wá láti máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ni. Èmi wá fà wọ́n lé ọmọ lọ́wọ́, kí n bá wọn ṣe ọdún, kí n sì padà lémi nìkan.

Ọmọ wọn obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. Àǹtí ni mò ń pè wọ́n lórí fóònù láti ọjọ́ yìí, Àǹtí náà ni mo pè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Eékún mi ti ń kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. "Shana tova," ni Àǹtí wí. Ọdún ire.

Ẹtì, 23

Àǹtí mú mi lọ sí ọjà Mahane Yehuda ní kùtùkùtù. Ẹ rántí Ọjà Ọba ní Ìbàdàn nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la. Dàbínù tútù aláwọ̀ ìyeyè ṣì so mọ́ igi rẹ̀ lórí àtẹ. Wọ́n la pómégíránétì sí méjì kí oníbàárà lè rí hóró pupa inú rẹ̀. Oyin wà lóríṣiríṣi, orí ẹja wà lórí yìnyín. Ẹni tó rajà ń kí ẹni tó tajà, ẹni tó tajà ń kí ẹni tó ń kọjá lọ: shana tova u'metuka, ọdún tó dára tó sì dùn. Báyìí náà ni "ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" ṣe máa ń gba ẹnu wa kan nílé tí a kì í ráyè sọ nǹkan mìíràn.

Ọdún tó ń parí yìí, 5782 nínú ìkàwé tiwọn, jẹ́ ọdún keje tí òfin ní kí ilẹ̀ Ísírẹ́lì sinmi. Nítorí náà Àǹtí ń béèrè orísun ewébẹ̀ kí wọ́n tó rà á.

Nílé ìdáná, ojú Àǹtí yí padà, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mò ń sebẹ̀, Màmá ni wọ́n ń tanná: bí Júù bá ti tan iná náà, oúnjẹ tí mo sè di jíjẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ Àǹtí jẹ́ ọmọ àwọn Júù tó ti Mòrókò wá, òfin tiwọn sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná nìkan kò tó. Júù ló gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò kaná pẹ̀lú. Mo lè bó, mo lè gé, mo lè fọ̀. Mo ní kí Àǹtí má tijú. Àwa náà ní ilé tí àlejò kì í dé ìdí ààrò rẹ̀, a kì í sì í torí ẹ̀ bínú.

Kí oòrùn tó wọ̀, fìtílà ti wà lórí tábìlì. Ọjọ́ Ìsinmi dé.

Àbámẹ́ta, 24

Ọjọ́ Ìsinmi ti parí. Lẹ́yìn agogo méjìlá òru, Bọ̀dá, ọkọ Àǹtí, kó èmi àti àwọn ọmọ lọ sí Ògiri Ìwọ̀-oòrùn, ògiri àtijọ́ tí àwọn Júù ti ń gbàdúrà, fún Selichot, àdúrà ìtọrọ àforíjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Elul, oṣù tó ṣáájú ọdún tuntun, ni àwọn tiwọn ti ń jí lóru gbà á. Ẹni tó bá mọ ìṣọ́ òru yóò mọ ohun tí mo rí: ọmọ wà lẹ́yìn ìyá, arúgbó jókòó lórí àga ike, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé orin lẹ́ẹ̀kan náà. "Aneinu" ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Dá wa lóhùn. Mo bá wọn wí i.

Màmá ṣì lajú nígbà tí a dé. Wọ́n ní kí n ròyìn, mo rò ó títí wọ́n fi sùn.

Àìkú, 25

Mo fẹ́ fara balẹ̀ kọ ti alẹ́ yìí.

Rosh Hashanah, Ọdún Tuntun àwọn Júù, wọlé pẹ̀lú ìwọ̀ oòrùn. Ó di ọdún 5783. Wọ́n gbàdúrà sórí wáìnì, wọ́n bu búrẹ́dì róbótó, tí wọ́n ṣe róbótó nítorí ọdún tí ń yí po. Màmá ti ápù bọ oyin, wọ́n sì gbàdúrà kí Ọlọ́run sọ ọdún náà di ọ̀tun fún wa, kó dára, kó dùn. Èyí ni mo mọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo rò pé a ti ṣe é tán.

Bọ̀dá wá gbé àwo ńlá kan jáde. Wọ́n mú dàbínù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tamar, wọ́n ní: kí ọ̀tá wa tán, yitamu. Wọ́n mú ewé kan tó jọ àlùbọ́sà eléwé, karti: kí á ké wọn kúrò, yikartu. Ewé mìíràn tó rí bí ẹ̀fọ́, silka: kí wọ́n kúrò lọ́nà wa, yistalku. Nígbà tó kan elégédé, kra, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí àdúrà méjì: kí á fa ìwé ìdájọ́ burúkú wa ya, kí á sì ka iṣẹ́ rere wa níwájú Rẹ. Ẹ̀wà tẹ̀ lé e, ẹ̀wà wa gan-an, olójú dúdú. Rubia ni wọ́n pè é, wọ́n ní: kí ire wa pọ̀, yirbu.

Mo gbé fọ́ọ̀kì mi sílẹ̀. Ara mi ti bù máṣọ.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló dé ojú mi. Ìyá wa àgbà mú orógbó: wà á gbó. Wọ́n mú obì: yóò bi ikú, yóò bi àrùn. Wọ́n mú àádùn: ayé rẹ á dùn. Wọ́n fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu. Wọ́n gbé ẹja síwájú, wọ́n ní orí ni ẹja fi ń la ibú. Nǹkan tí a jẹ ni a fi ń wúre, inú orúkọ rẹ̀ gan-an ni ìre náà wà; ẹnu ń jẹ ẹ́, ẹnu náà ń pè é. N kò mọ̀ pé ẹ̀yà mìíràn wà láyé tó ń gbàdúrà báyìí.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Bọ̀dá gbọ́ ti orógbó, wọ́n ní kí n tún un wí, àwọn ọmọ ń pe "gbó, orógbó" kiri ara wọn. Bọ̀dá ní àṣà yìí wà nínú Tálmúdì, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àtijọ́ àwọn Júù, láti ẹnu Abaye, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Bábílónì ní ọ̀rúndún kẹrin. Ìgbà náà ni Màmá lanu. Wọ́n nawọ́ sí kárọ́ọ̀tì olóyin tí Àǹtí sè fún wọn. Ní èdè Yídíìṣì, èdè ilé bàbá wọn tó sá kúrò ní Póláǹdì, mern ni kárọ́ọ̀tì ń jẹ́, mern náà sì ni kí nǹkan máa pọ̀ sí i. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń se kárọ́ọ̀tì yẹn láìmọ̀ pé àdúrà ni mò ń sè.

Orí ẹja ló kẹ́yìn: kí á jẹ́ orí, kí á má jẹ́ ìrù. Èyí, mi ò dúró kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò sí ìsìn kan nílé wa tí a kì í ti ṣe àmín sí i.

Àwọn kan lára àwa onígbàgbọ́ ti pa orógbó àti obì tì níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ní ti abọ̀rìṣà ni. Ó ti ń dùn mí tipẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì yìí lálẹ́ òní, láàárín àwọn tó ni ìwé Diutarónómì tí a ti ń yọ "orí, kì í ṣe ìrù" wa, kí wọ́n wo àwo yẹn.

Ajé, 26

Sínágọ́gù. Mo ti kẹ̀kẹ́ Màmá dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n fọn ìwo àgbò láàárọ̀ yìí. Tekiah jẹ́ ìró kan gbọọrọ. Shevarim jẹ́ mẹ́ta, bí ẹni mí kanlẹ̀. Teruah jẹ́ mẹ́sàn-án wẹ́wẹ́, bí ẹni tó ń sunkún tí kò ráyè mí. Àwọn ọmọdé tó ti ń sáré kiri dúró gbagidi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka àdúrà kan tó ń bi ta ni yóò yè, ta ni yóò kú. Ta ni yóò dé òpin ọjọ́ rẹ̀, ta ni kò ní dé e. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìrònúpìwàdà, àdúrà àti ìtọrẹ àánú ń mú ìdájọ́ líle kọjá lọ. Màmá di ọwọ́ mi mú láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, wọn ò wojú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ a lọ sí etí adágún kékeré kan tí ẹja wà nínú rẹ̀. Tashlich ni wọ́n ń pè é: wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ wòlíì Míkà, pé Ọlọ́run yóò kó ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo jù sí ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n sì ń gbọn etí aṣọ wọn sómi.

Ìṣẹ́gun, 27

Ọjọ́ kejì ọdún. Lálẹ́ àná wọ́n jẹ èso tí ẹnu wọn kò tíì kàn láti ọdún náà, wọ́n sì dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí di àsìkò yìí. Gáàsì kan ti ń jó lórí sítóòfù láti ọjọ́ Àìkú, nítorí wọ́n lè dáná lọ́jọ́ àjọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ ṣáná tuntun. Ara iná tó ti wà ni wọ́n ti ń tàn án. Ara mi rẹ̀ mí. Mo sùn.

Ọjọ́rú, 28

Ààwẹ̀ Gedaliah, ti ìrántí gómìnà Júdà tí wọ́n pa láyé àtijọ́, láti ìdájí di alẹ́. Ìkíni ti yí padà. Kò sí shana tova mọ́; gmar chatima tova ni, kí èdìdì tí wọ́n máa fi dì í jẹ́ ti ire. Ọjọ́ Ọdún Tuntun ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, Ọjọ́ Ètùtù ni wọ́n máa di èdìdì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ló wà láàárín, ilẹ̀ sì ṣì ń bẹ fún ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe.

Àìkú, 2 oṣù Kẹwàá

Wọ́n ń ṣe kapparot ní àdúgbò míràn pẹ̀lú adìẹ. Owó ni wọ́n fi ṣe é nílé yìí: Bọ̀dá fi í yí orí olúkúlùkù ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní èyí ni pàṣípààrọ̀ rẹ, èyí ni ètùtù rẹ, wọ́n sì fi owó náà ránṣẹ́ sí aláìní.

Lọ́sàn-án, bí mo ṣe ń fi òróró pa ẹsẹ̀ Màmá, wọ́n ní: "Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ lọ́dún yìí, dárí jì mí." Ọdọọdún ni wọ́n ń wí i fún mi, nítorí Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù, kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ èèyàn nù àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ọdún kìn-ín-ní, mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹni tó tó bí mi lọ́mọ kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Lónìí mo fún wọn ní ìdáhùn. Mo ní mo dárí jì wọ́n. Mo tọrọ tèmi náà, fún ọjọ́ tí mo jágbe mọ́ wọn nínú oṣù Kìn-ín-ní, tí a kò tíì mẹ́nu bà láti ìgbà náà.

Ìṣẹ́gun, 4

Jíjẹun lónìí, ọ̀ranyàn ni, bí àìjẹun ti ọ̀la ṣe jẹ́ ọ̀ranyàn. Ọbẹ̀ adìẹ olómi, kreplach nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi di ẹran lílọ̀ bí ẹni di owó sétí aṣọ.

Kí wọ́n tó jáde, àwọn òbí súre fún àwọn ọmọ. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé Àǹtí lórí, ẹni ọgọ́ta ọdún, wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣe é bíi Sárà, Rèbékà, Rákélì àti Léà. Wọ́n ṣe é fún àwọn ọmọ-ọmọ. Wọ́n wá wò mí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn, ìkúnlẹ̀ gidi lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ wọn sì fúyẹ́ lórí gèlè mi.

Bọ̀dá lọ sí sínágọ́gù àwọn ará Mòrókò. Èmi gbé Màmá lọ sí ti àwọn tó ń kọrin bíi ti ilé bàbá wọn. Aṣọ funfun ni gbogbo èèyàn wọ̀, bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, nítorí bàtà aláwọ jẹ́ èèwọ̀ lọ́jọ́ yìí. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé ìwé òfin jáde. Olórin wọn bẹ̀rẹ̀ Kol Nidre, ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ ẹ̀jẹ́, ní èdè Árámáìkì. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an lákọ̀ọ́kọ́.

Mo mọ orin náà.

Fún ọdún mẹ́rin, lóru, láti yàrá tó kángun sí tèmi ní Golders Green, mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹnu Màmá nínú oorun wọn. Mo rò pé orin ọmọdé ni. Nígbà mìíràn mo máa ń lọ jí wọn, mo rò pé àlá burúkú ni. Olórin kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn ga sí i, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wo Màmá. "Bàbá mi ló máa ń kọ ọ́," ni wọ́n wí.

Ọjọ́rú, 5

Dókítà ti sọ pé Màmá kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, rábì sì ti fi àṣẹ sí i: fún wọn, jíjẹ ni òfin Ọlọ́run lónìí. Síbẹ̀ wọ́n sunkún. Omi tí kò kún ẹnu kan, kí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá, òmíràn. Oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mò ń wọ̀n ọ́ pẹ̀lú ife oògùn, ojú mi wà lára aago. Èmi náà gba ààwẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n gbà á.

Kò sí mọ́tò kan lójú títì. Pápákọ̀ òfuurufú tì, tẹlifíṣọ̀n dákẹ́. Lẹ́nu ọ̀sán mo ti Màmá gba àárín Emek Refaim kọjá, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, àwọn ọmọdé sì ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára wa. Wọ́n ka ìwé Jónà nírọ̀lẹ́. Ní Neilah, àdúrà títi ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó jókòó àfi àwọn tí ẹsẹ̀ kò gbà. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ké pé Olúwa, òun ni Ọlọ́run, igbe orí òkè Kámẹ́lì. Ìwo dún lẹ́ẹ̀kan, gbọọrọ. Gbogbo ilé kígbe pé: Lọ́dún tó ń bọ̀, ní Jerúsálẹ́mù tí a tún kọ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí Màmá bá ti wí èyí tán, wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní: "Ìwọ náà." Lónìí wọ́n wí i, wọ́n sì dákẹ́.

A ò tíì jẹun tán tí òòlù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ilé kejì. Wọ́n ti ń pàgọ́.

Ẹtì, 7

Àgọ́ Àjọ Ìpàgọ́ ń dìde lórí bákónì. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀: ibòji gbọ́dọ̀ ju oòrùn lọ, síbẹ̀ ó dára kí èèyàn rí ìràwọ̀ gba àárín rẹ̀ lóru. Àtíbàbà ni èyí, àtíbàbà ìnáwó bí a ṣe ń ṣe é nígbà kékeré mi kí kánópì ayálò tó dé. Mò ń nawọ́ imọ̀ ọ̀pẹ sí àwọn ọmọkùnrin lókè, mo ń sọ fún wọn ibi tí oòrùn ti máa yọ́ wọlé.

Lọ́jà irúgbìn mẹ́rin, àgbà ọkùnrin kan ń fi awò wo etrog, èso kan tó jọ òrombó wẹ́wẹ́, bóyá àbàwọ́n wà lára rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò ju bí àwa ti ń yẹ àgbò Iléyá wò lọ. Imọ̀ ọ̀pẹ tí kò tíì là, ẹ̀ka mírítílì mẹ́ta àti ẹ̀ka wílò méjì ni wọ́n ń dì pọ̀ mọ́ra. Etrog wà ní ọwọ́ kejì. Wọ́n á mì wọ́n sí ìhà mẹ́rin ayé, sókè àti sílẹ̀.

Ajé, 10

Sukkot, Àjọ Ìpàgọ́. A jẹun nínú àgọ́ lálẹ́ àná àti lónìí. Lálaalẹ́ wọ́n ń pe àlejò kan nínú àwọn baba ńlá wọlé, Ábúráhámù ló kọ́kọ́ dé. Chag sameach, àjọ̀dún ayọ̀, ni gbogbo èèyàn ń kí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí Bọ̀dá ní tiwọn, tí mo fẹ́ràn jù: "Tizku le-shanim rabot," kí ẹ rí ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ọdún náà dùn, kó sì dára. À á ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé! Mo fi Yorùbá dá bàbá arúgbó kan lóhùn, ó sì dì mọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Ìṣẹ́gun, 11

Láti àná ni Àǹtí ti ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe nǹkan ilé wa nínú ẹ̀wà tó kù. Mo bó o, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, mo pò ó títí ó fi fúyẹ́. Àǹtí gbé òróró kaná, Àǹtí dà á síbi tí mo nawọ́ sí, ní ìwọ̀n tí mo fi ojú sọ. Ìkejì ti róbótó ju àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a gbé àkàrà dé inú àgọ́, Bọ̀dá ní kí n sọ àdúrà tó wà nínú orúkọ ohun tí a fi ṣe é. Mo rò ó díẹ̀. Mo ní ẹ̀wà ni, kí ọdún yìí ní ẹwà. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Nírọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà, mo gbọ́ orin ìyìn Yorùbá lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò kan tó wọ àǹkárá. Láti 1980 ni àwọn onígbàgbọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń péjọ ṣe Àjọ Ìpàgọ́ níbí. A kí ara wa bí ọmọ ìyá. Mi ò pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo fẹ́ wà nílé.

Ọjọ́rú, 12

Níwájú Ògiri Ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, àwọn ọmọ Áárónì fi aṣọ àdúrà borí, wọ́n na ọwọ́, wọ́n súre: kí Olúwa bùkún ọ, kí ó sì pa ọ́ mọ́. Èrò pọ̀ débi pé n kò rí wọn. Mo gbọ́ wọn.

Bàálù mi di alẹ́. Màmá ń sùn nínú àgọ́, òjìji imọ̀ ọ̀pẹ ń mì lójú wọn. Àǹtí mú bébà wá, wọ́n ní kí n kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Mo kọ oògùn àárọ̀ àti ti alẹ́. Mo kọ pé ẹsẹ̀ òsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ ti bọ ìbọ̀sẹ̀. Mo kọ pé tíì wọn kì í gbóná jù, ṣúgà kan àbọ̀, àti pé tí wọ́n bá ní ebi ò pa wọ́n, ká gbé kárọ́ọ̀tì síwájú wọn ká sì jókòó tì wọ́n. Mo ti pa bébà náà pọ̀ tán kí n tó tún un ṣí.

Tí wọ́n bá ń kọrin lóru, ẹ má jí wọn.